Yàrá Tí Mo Pa Mọ́ fún Babátúndé

Mọ́ńdè, Òkítóbà 1, 1956

Akunlé parí iṣẹ́ lónìí, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀ àti pálọ̀ ti di àwọ̀ ewé láti ilẹ̀ dé àjà. Lẹ́yìn tó gba owó rẹ̀ tán, ó tún ní ebi ń pa òun. Mo bu ẹ̀bà fún un, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ó kù kí n rán kọ́tìnì. Lọ́yà kì í sùn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà níhòòhò. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀ kí Babátúndé ọmọ mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó dé. Ẹni tí a kunlé dè ló yẹ kó kọ́kọ́ sùn síbẹ̀.

Hàwáwù gbé ẹja díndín wá nírọ̀lẹ́. Ó yọjú sínú yàrá, ó pàtẹ́wọ́. "Títí, ọmọ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbé gbogbo ibí yìí? Ṣé eré ìje ni yóò máa sá nínú ẹ̀ ni?"

Mo ní kó má fọwọ́ òróró kan ògiri mi.

"Ẹ gbọ́ Títí o! Nígbà tí ìyá ẹ kú lórí ìkúnlẹ̀, tí ìyá mi gbé ẹ sọ́tùn-ún, tó gbé èmi sósì, ṣebí ọwọ́ òróró yìí náà ni wọ́n fi ń ti ọmú bọ̀ ẹ́ lẹ́nu."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu Hàwáwù.

Fúráìdé, Òkítóbà 5

Òjò láti àárọ̀. Àwọn ará ìjọba ti dé agbo ilé Sùlè ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Hàwáwù ti ń gbé láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ bàbá tó ni agbo ilé náà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri wọn. Wọ́n ní agbègbè ọ̀hún dọ̀tí, àwọn fẹ́ wó o kí ìlú lè mọ́, kí gbogbo wọn kó lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tiwa ní Olówógbowó kò sí nínú ìlà. Mo ní "Ọlọ́run, o ṣeun," kí n tó rántí pé Hàwáwù ló jókòó níwájú mi.

"Ilé tí wọ́n fẹ́ fún wa lọ́hùn-ún ò tíì lórùlé," ó ní. "Wọ́n ní ó di àárín oṣù tó ń bọ̀. Èyí tá a wà nínú ẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì."

"Níbo lẹ máa wà láàárín méjèèjì?"

"Ohun témi náà bi wọ́n nìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ bi ẹlòmíràn."

Ohun tó dùn ún jù ni ti ẹja. Ìdájí ló máa ń pàdé àwọn apẹja létí ọ̀sà. Kí oòrùn tó mú, ó ti dín ín tán, àwọn oníbàárà sì ti dúró dè é. "Ta ló máa bá mi gbé ọ̀sà wá sí Sùúrùlérè?" ó ní. Mo sọ pé Ọlọ́run yóò ṣọ̀nà. Ó ní àmín. Ojú rẹ̀ kọjá lára mi lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìsàlẹ̀, àbí èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀.

Wẹ́sìdé, Òkítóbà 10

Kọ́tìnì méjì tán. Aṣọ ọ̀hún wọ́n bí ojú, ṣílè mẹ́rin lọ́pá kan.

Sọ́ńdè, Òkítóbà 14

Pásítọ̀ wàásù lórí àlejò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bó ṣe máa ń wọ̀ mí lọ. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìyá jókòó lẹ́yìn ìsìn, mo dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan pè mí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀ gbọọrọ, eku nìkan ló ń gbé e láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Àwọn aládùúgbò wa, tí wọ́n ń fún wa lẹ́ran Iléyá, tí wọ́n ń bá wa jẹ Kérésì, wọ́n fẹ́ wólé mọ́ wọn lórí. Bí Jésù bá kanlẹ̀kùn lónìí, ṣé a máa ní kó lọ dúró de Sùúrùlérè ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá kan ń fi etí aṣọ nu ojú. Pásítọ̀ gbọ́, ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Mo tún ka ohun tí mo kọ sókè yìí. Ó dára.

Tọ́sìdé, Òkítóbà 18

Wọ́n wó o lónìí, nínú òjò.

Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti ń ṣí páànù. Yàrá tí wọ́n sin ọkọ Hàwáwù sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lé sàréè ọkùnrin náà lórí. Mọ̀núrù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, ń gbé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan jáde bí ẹni ń gbé òkú. Morufat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró sábẹ́ ògiri tó kù, ó fi ìborùn bo ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́. Hàwáwù fúnra rẹ̀ jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé agbada irin tó fi ń dín ẹja lé ẹsẹ̀.

"Títí, o dé," ó ní.

Ó wò mí. Ó pẹ́ tí èmi àti Hàwáwù ti ń wo ara wa, mo mọ ohun tí ojú yẹn ń bi mí. Ẹnu mi là, ohun tó sì jáde ni, "Ẹ dúró, mò ń lọ bá Pásítọ̀."

Mo sáré. Bàtà mi já lẹ́nu gọ́tà, mo sáré lọ bẹ́ẹ̀. Mo bá Pásítọ̀ níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ, mo sọ̀rọ̀ lé e lórí títí ó fi gbé kọ́kọ́rọ́ họ́ọ̀lù fún mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti wà nínú ilé, ẹrù wọn ti wà ní igun, Morufat ń fún ọmọ lọ́mú lórí bẹ́ńṣì àwọn akọrin. Àwọn èèyàn ń kí mi, wọ́n ń ní Kristẹni tòótọ́ ni mí.

Hàwáwù ní, "Títí, o ṣeun o." Ohùn tí wọ́n fi ń kí àjèjì ló fi sọ ọ́. Kò bá mi ṣeré kankan.

Mo sáré gba iwájú ilé mi kọjá kí n tó dé ilé Pásítọ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Sátidé, Òkítóbà 20

Mo gbé àtùpà àti ẹní méjì lọ fún wọn. Mọ̀núrù dọ̀bálẹ̀ kí mi gbọọrọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Mà." Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń pè mí ní Ìyá Ìsàlẹ̀ Afárá, nítorí pé mo máa ń mú un lọ wo ọkọ̀ lábẹ́ Afárá Káátà. Ìgbà wo ni mo di Mà?

Tọ́sìdé, Òkítóbà 25

Wàhálà ti dé. Àwọn akọrin ní họ́ọ̀lù ń rùn ẹja, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni Hàwáwù ti ń dáná. Wọ́n ní omi àlùwàlá ń ṣàn gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní aṣọ ìdọ̀tí ọmọ wà lórí okùn níwájú àwòrán àwọn òyìnbó tó dá ìjọ sílẹ̀. Bàbá Wọ́dìn, tí ilé àti ilẹ̀ ìjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìkórè ti dé tán, họ́ọ̀lù la sì ń kó ẹrù ìkórè sí. Ó ti pe ìpàdé fún ọ̀túnla.

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rán apá aṣọ ìyàwó kan sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọrin ìfẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè! Ẹ jẹ́ kí Sátidé dé. Wọn ò tíì rí mi rí.

Sátidé, Òkítóbà 27

Ó yẹ kí n kọ eléyìí báyìí, torí bó bá dọ̀la, mà á ti tún un sọ kó lè dùn.

Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó nírọ̀lẹ́. Obìnrin méjì péré la wà níbẹ̀. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìdájọ́ òdodo kì í ṣe orin tí a ń fi dùùrù kọ. Mo ní àwọn tó ní àwọn ń tún ìlú ṣe kó àwọn tálákà dànù bí ẹni ń gbálẹ̀, àwa ìjọ Ọlọ́run sì fẹ́ bá wọn di ìgbálẹ̀ mú. Mo ní iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè yóò rí ilé sùn, ọmọ ọwọ́ ò ní rí. Mo gbá tábìlì. Ìgò omi Pásítọ̀ ṣubú.

Bàbá Wọ́dìn dúró dè mí títí mo fi parí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Ìyá Babátúndé, ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, yàrá mélòó ló ṣófo nísàlẹ̀ ilé yín?"

Mo ní, "Ọmọ mi ń bọ̀."

Ó ní, "Ìkórè náà ń bọ̀, Mà. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá pariwo lé e lórí, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ìyá kejì ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì, ǹ bá dúpẹ́.

Pásítọ̀ ní kí a dìbò nípa gbígbọ́wọ́sókè, pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀ ní Túsìdé. Gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè. Èmi náà gbọ́wọ́ sókè. Èmi náà! Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní rárá, yóò tún ìbéèrè ọ̀hún bi.

Sọ́ńdè, Òkítóbà 28

Mi ò lọ gba Oúnjẹ Olúwa. Mo ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ mi. Orí kankan ò fọ́ mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Babátúndé. Ṣé ọ̀dà ni mò ń dù? Ṣé kọ́tìnì ni? Òótọ́ rèé, bí mi ò bá kọ ọ́ síbí, kò síbi tí mo lè kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn ńlá bá wá kí lọ́yà káàbọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá ẹlẹ́ja ní pálọ̀. Ẹni tí mo mu ọmú ìyá rẹ̀ ni mò ń pè ní ẹlẹ́ja yẹn. Ẹ̀sìn tiwọn tilẹ̀ ní ẹni tó bá mu ọmú kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n, èèwọ̀ ni kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Hàwáwù máa ń fi ìyẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́, pé orí ló yọ mí tí òun kì í ṣe ọkùnrin. Èmi tí mò ń ṣe Kristẹni, kí ni mo fi ọmú yẹn ṣe?

Ìṣojú Ọlọ́run ni mo ti ń gbá tábìlì.

Túsìdé, Òkítóbà 30

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà họ́ọ̀lù. Mo ti pinnu pé mà á sọ fún un: Hàwá, kó ẹrù ẹ, jẹ́ ká lọ sílé. Ó rọrùn, kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo ń sọ ọ́ bọ̀ láti ilé.

Wọ́n ti di ẹrù tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ti mọ̀. Morufat ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tí wọ́n ti kún inú yàrá kan fọ́fọ́. Mọ̀núrù á máa sùn ní wọ́ọ̀fù. Hàwáwù ní ìsọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ní Jánkárà ní òrùlé, òun á wà níbẹ̀ títí Sùúrùlérè á fi parí.

"Ìsọ̀?" mo ní. "Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé níwájú lẹ́yìn?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni, Títí. Ọ̀sẹ̀ méjì ò ní pa mí."

Ó fún mi láyè. Mo mọ̀ pé ó fún mi láyè, torí kò tètè gbé ẹrù tó ti dì. Mo ní, "Mà á gbé kúbùsù wá fún ẹ." Nígbà náà ló gbé ẹrù rẹ̀ rù.

Wọ́n gbá họ́ọ̀lù náà kí wọ́n tó lọ. Kò sí ibi tó ń rùn ẹja níbẹ̀ mọ́.

Mọ́ńdè, Nòfẹ́ńbà 5

Lẹ́tà Babátúndé dé. Ìdánwò rẹ̀ ti sún síwájú, kò lè wá títí di Àjíǹde. Ó ní kí n má bínú.

Ó di Àjíǹde. Yàrá méjì yóò ṣófo títí di Àjíǹde.

Mo wọ bàtà, mo kọrí sí Jánkárà kí n má bàa lè ronú. Mo rí Hàwáwù lókèèrè, ó jókòó nínú ìsọ̀, ó ń fi ọbẹ̀ gbígbẹ jẹ ẹ̀kọ. Kúbùsù mi wà léjìká rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn obìnrin aláta kan títí ó fi bi mí bóyá mo fẹ́ ra ata. Mi ò lè lọ bá a. Kí ni mà á wí? Pé nísinsìnyí tí ọmọ mi ò wá mọ́, kí ó wá lo ohun tó ṣẹ́kù? Mo ra ata. Mo padà sílé.

Ọ̀lẹ ni mí. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bíi tèmi yìí, ọ̀lẹ paraku.

Sọ́ńdè, Nòfẹ́ńbà 11. Ìkórè

Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Iṣu, ọsàn, adìyẹ tó ń ké nínú ìwàásù. Wọ́n ń pe ẹbí kọ̀ọ̀kan síwájú. Nígbà tí wọ́n pe "àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò," mi ò gbójú sókè, torí mi ò retí ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí.

Hàwáwù wọlé.

Ó wọ aṣọ tí mo rán fún un ní Iléyá, ó fi ìborùn funfun bo orí. Mọ̀núrù tẹ̀ lé e, ó ru agbada irin. Wọ́n ti fi iyanrìn bó o, dúdú rẹ̀ ń kọ mànà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀, gbogbo ìjọ sì gbọ́ ohun tó sọ.

"Ọdọọdún la máa ń bá yín kórè, ti ọdún yìí ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹja la máa ń gbé wá, ṣùgbọ́n mi ò ríbi dáná láti ọjọ́ mélòó kan. Lọ́túnla la ń kó lọ sí Sùúrùlérè, kò sí ọ̀sà níbẹ̀, agbada yìí ò wúlò fún mi mọ́. Ẹ bá mi fún Ọlọ́run. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà wá sílé."

Mo mọ Hàwáwù. Bó bá fẹ́ bú èèyàn, á bú u kí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ́. Kò bú wa. Tọkàntọkàn ló fi dúpẹ́, ìyẹn ló pa mí. Ohun tó fi ń jẹun láti ìgbà tó ti di opó ló gbé kalẹ̀ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Bàbá Wọ́dìn dorí kodò. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn wọn ò bára mu.

Mi ò kọrin. Mo ń sunkún kíkorò, ẹni tó jókòó tì mí rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé mi.

Mọ́ńdè, Nòfẹ́ńbà 12

Gbàǹjo ẹrù ìkórè. Bàbá Wọ́dìn ló ń tà. Nígbà tó kan agbada, ẹlẹ́kọ kan láti Ìta Fàájì fi ṣílè mẹ́ta sí i. Mo ní pọ́n-ùn kan. Gbogbo wọn yíjú wò mí.

"Pọ́n-ùn kan, Mà?" Bàbá Wọ́dìn ní. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ tà á fún mi."

Ó tà á. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jẹ́ kí òun bá mi gbé e, àgbà ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ó gbé agbada sí abíyá pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. A rìn dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó gbé e kalẹ̀.

"Èmi náà ní yàrá kan tó ṣófo, Ìyá Babátúndé," ó ní. "Lẹ́yìn ilé. Mi ò sọ ìyẹn lọ́jọ́ yẹn."

Ó ṣí fìlà fún mi, ó lọ.

Tọ́sìdé, Nòfẹ́ńbà 15

Mo wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Sùúrùlérè, èmi àti agbada. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní àfi kí n sanwó fún agbada náà. Mo bú u, mo san án.

Ilé tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì, kò sí igi kan, kò sí ẹnì kan tó ń pe ẹnì kan. Mo ṣìlé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bá Hàwáwù lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbá iyanrìn jọ, afẹ́fẹ́ sì ń tú u ká. Bó ṣe rí mi, ó wọlé lọ gbé àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ jáde fún mi. Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀.

"Títí! Dìde! Àwọn èèyàn tí mi ò tíì mọ̀ ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Hàwá, mo ṣẹ̀ ẹ́. Ilé mi ń bẹ níbẹ̀, mo rí ẹ nínú òjò, mo sáré lọ tọrọ ilé onílé fún ẹ. Dárí jì mí. Padà wá."

Agbada ló ń wò. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ohun tí mo fún Ọlọ́run ló wà lọ́wọ́ ẹ yìí? Mi ò lè gbà á o. A kì í fi ọ̀tún fún Ọlọ́run ká fi òsì gbà á padà."

"Mi ò ní kó o gbà á. Èmi ni mo rà á. Agbada mi ni. Ohun tí mò ń wí ni pé kó o máa wá fi agbada mi dín ẹja lágbàlá mi. Kò jìnnà sí ọ̀sà. Àwọn oníbàárà ẹ ṣì ń bèèrè ẹ lọ́wọ́ mi."

Ó wò mí sùn-ùn, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kí Babátúndé tó dé, ìwọ ti di lọ́yà. Kọ́tìnì ńkọ́?"

"Kó máa rùn."

Ó ní òun á wá ní Mọ́ńdè. Ti pé kó padà wá gbé ọ̀dọ̀ mi, kò fèsì sí i. Ó bu omi fún mi mu.

Wẹ́sìdé, Nòfẹ́ńbà 28

Òórùn ẹja ti wọnú ohun gbogbo, títí dórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin kan tí mò ń ránṣọ ìgbéyàwó fún ní òórùn náà ò bá òun lára mu. Mo ká aṣọ rẹ̀ fún un láìrán an tán. Hàwáwù ní mo ya wèrè. Inú mi dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èyí tó rọrùn ni mo ṣe. Wákàtí méjì ni Hàwáwù ń wọ ọkọ̀ lọ, méjì ló ń wọ̀ ọ́ bọ̀, ojoojúmọ́.

Mo sọ fún Ẹgbẹ́ Ìyá pé kí wọ́n má ṣe pè mí sọ̀rọ̀ títí ọdún yóò fi yí. Wọ́n rò pé ara mi ò yá.

Sátidé, Dìsẹ́ńbà 22

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo èèyàn ti bó. Ọkọ̀ wọ́n nítorí Kérésì, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ẹsẹ̀ Hàwáwù sì wú. Mo ti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo ti sá a. Nígbà tó fọ agbada tán nírọ̀lẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ gbayawu.

Mo ní, "Hàwá, sùn síbí. Kì í ṣe tòní nìkan. Kó ẹrù ẹ wá, kí Morufat náà kó wá, yàrá méjì ni. Bí Babátúndé bá dé, á bá mi gbé òkè."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé ẹsẹ̀ wọlé. "Yàrá yìí dára o," ó ní. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ wa gbé e pẹ́."

"Mo bẹ̀ ẹ́."

"Títí, mi ò bínú sí ẹ. Bí mo bá ń bínú, ṣé mà á máa wá?" Ó ń di ìborùn rẹ̀, kò wò mí. "Ọjọ́ tí mò ń wá ilé, o ò pè mí. Ní báyìí, mo ti ní ilé. Jẹ́ kí n máa lọ sílé mi, ilẹ̀ ń ṣú."

Mo bá a gbé agbọ̀n rẹ̀ dé Ìdúmọ̀tà. Mo ń kí àwọn tó ń kí mi lójú ọ̀nà, mi ò lè gbójú sókè wo ọ̀kankan nínú wọn.